Ìpínlẹ̀ méjì, owó oṣù kan: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó orí rẹ ní Amẹ́ríkà?

Láti ìparí oṣù Kìíní, tí ìwé W-2, èyí tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ owó oṣù ọdún àti owó orí tó ti yọ, bá ti ń wọlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà: "Ìpínlẹ̀ méjì ló ń bèèrè owó orí lọ́wọ́ mi. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ?" Nọ́ọ̀sì tó ń gbé Newark ní New Jersey, tó ń ṣiṣẹ́ ní Brooklyn ní New York, ń bèèrè. Ẹni tó ń gbé Bowie ní Maryland, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ ní Washington, ń bèèrè. Ẹni tó kó kúrò ní Chicago lọ sí Houston láàárín ọdún ń bèèrè, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí kò dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí.

Èsì tí wọ́n ń gbọ́ kì í bára mu, torí pé òfin àwọn ìpínlẹ̀ fúnra wọn kò bára mu. Ẹnì kan á ní kò sóhun tó kàn ọ́ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kejì, ẹlòmíràn á ní kó o san fún méjèèjì kó o lè sùn dáadáa. Àwọn méjèèjì lè ti mú ènìyàn pàdánù owó. Èèyàn lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ méjì láì san owó orí lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá sì kọ̀ láti fi ìkejì ránṣẹ́ gan-an ni ọwọ́ ìsanwó méjì sábà máa ń tẹ̀.

Kí ló dé tí ìpínlẹ̀ méjì fi lè na ọwọ́ sí owó oṣù kan ṣoṣo?

Ní Nàìjíríà, ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó ń gbé Mowe tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni owó orí rẹ̀ lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló ti ń rí owó náà. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ kí á tó wọ bàálù, òun náà ló sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà dà bí ìrẹ́jẹ lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin owó orí tirẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà nípasẹ̀ IRS. Wisconsin ló ṣáájú, ní 1911. New York bẹ̀rẹ̀ ní 1919. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shaffer ń gbé Chicago, ṣùgbọ́n ó ní okòwò epo rọ̀bì ní Oklahoma. Nígbà tí Oklahoma ní kó wá san owó orí lórí èrè epo náà, ó ní òun kì í ṣe ará ibẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Oklahoma láre ní 1920: ìpínlẹ̀ tí owó ti jáde lẹ́tọ̀ọ́ láti bu nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti le mọ́ àlejò ju onílé lọ. Ní 1932, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Mississippi, ilé ẹjọ́ kan náà tún sọ pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé lè gba owó orí lórí gbogbo ohun tó wọlé fún un, ibi yòówù kó ti wá, torí pé ìpínlẹ̀ náà ló ń dáàbò bò ó.

Ẹjọ́ méjì yìí ni orísun gbogbo rẹ̀. Ìpínlẹ̀ iṣẹ́ ní agbára lórí ohun tó o rí lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ ilé ní agbára lórí ohun gbogbo. Ibi tí agbára méjèèjì ti pàdé ni owó oṣù ẹni tó ń sọdá ẹnubodè lọ síbi iṣẹ́ wà.

Ṣé mo máa san lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn?

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ìpínlẹ̀ iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ ilé á wá fún ọ ní kírẹ́díìtì, ìyẹn ni pé á yọ ohun tó o ti san fún ìpínlẹ̀ iṣẹ́ kúrò nínú èyí tó o jẹ ẹ́.

Ká mú nọ́ọ̀sì Newark yẹn, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Brooklyn. Ká ní owó orí tí New York ṣírò lórí owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan jẹ́ $4,500. New Jersey, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ ilé rẹ̀, náà á ṣírò lórí owó kan náà, ká ní tirẹ̀ já sí $2,800. New Jersey á wo ohun tó ti san fún New York, á sì pa $2,800 náà rẹ́ pátápátá. Lórí owó oṣù yẹn, kò jẹ New Jersey ní nǹkan kan. Àmọ́ New Jersey kò ní gbé $1,700 tó kù lé e lọ́wọ́, torí owó yẹn kò dé àpò New Jersey rí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni pé ó san èyí tó ga jù nínú méjèèjì. Àpapọ̀ wọn kọ́ ló san.

Kírẹ́díìtì yìí kì í wá fúnra rẹ̀ o. Òṣìṣẹ́ ló máa bèèrè fún un nínú fọ́ọ̀mù ìpínlẹ̀ ilé rẹ̀. Ní New Jersey, ìwé tí wọ́n ń pè ní Schedule NJ-COJ ni. Ní Maryland, fọ́ọ̀mù 502CR ni. Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù New York nìkan ránṣẹ́, tó ní ibẹ̀ ni òun ti ṣiṣẹ́ kò tún sí nǹkan mìíràn, ti fi gbèsè $2,800 sílẹ̀ ní New Jersey láì mọ̀, torí New Jersey kò lè fún un ní kírẹ́díìtì tí kò bèèrè fún.

Bóyá òfin tiẹ̀ pa á láṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ fúnni ní kírẹ́díìtì náà, Maryland ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Ní Maryland, owó orí méjì ni olùgbé ń san lẹ́ẹ̀kan náà: ti ìpínlẹ̀ àti ti county (ìjọba ìbílẹ̀) tó ń gbé, bíi Prince George's tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà fi ṣe ilé. Tẹ́lẹ̀, Maryland máa ń fúnni ní kírẹ́díìtì lórí apá ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan apá ti county. Tọkọtaya kan, Brian àti Karen Wynne, ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn kan tó san owó orí ní ìpínlẹ̀ 39 ní ọdún 2006. Wọ́n ní county náà gbọ́dọ̀ gbé kírẹ́díìtì wọn kalẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pẹ̀lú wọn: ohun tí Maryland ń ṣe dà bíi kó máa fìyà jẹ ará ibẹ̀ nítorí pé ó lọ ṣòwò lẹ́yìn odi, òfin orílẹ̀-èdè kò sì fàyè gba ìyẹn. Láti ìgbà náà ni kírẹ́díìtì ti kan owó county náà. Ará Maryland tó bá ń lo akáúńtáńtì, ó dáa kó wo ìlà yẹn nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo gbọ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti bá ara wọn ṣe àdéhùn. Àwọn wo ni?

Òótọ́ ni. Níbi tí àdéhùn bá wà, ìpínlẹ̀ iṣẹ́ á yọwọ́ lórí owó oṣù, ìpínlẹ̀ ilé nìkan ni wàá san fún, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí láàárín Mowe àti Ìkẹjà.

Maryland ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú Virginia, West Virginia, Pennsylvania àti Washington DC. Ti DC tilẹ̀ le ju àdéhùn lọ: òfin tí ìjọba àpapọ̀ fi dá ìjọba ìlú náà sílẹ̀ ní 1973 ni kò gbà á láàyè láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tí kò gbé ibẹ̀. Nítorí náà, ará Bowie tó ń ṣiṣẹ́ ní DC, Maryland nìkan ló máa fáìlì fún lórí owó oṣù rẹ̀. Illinois ní àdéhùn pẹ̀lú Iowa, Kentucky, Michigan àti Wisconsin, ṣùgbọ́n kò ní pẹ̀lú Indiana. Ẹni tó ń gbé Hammond ní Indiana tó ń wọ Chicago lójoojúmọ́ yóò fáìlì ní ibi méjèèjì. New York kò bá ìpínlẹ̀ kankan ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

New Jersey àti Pennsylvania ti wà nínú tiwọn láti 1977. Gómìnà Chris Christie kéde ní 2016 pé òun máa fòpin sí i torí owó tí New Jersey ń pàdánù, kó tó yí ìpinnu náà padà lóṣù Kọkànlá ọdún náà. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé àdéhùn báyìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gómìnà lè jí lọ́jọ́ kan kó fà á ya. Àdéhùn ọ̀hún kò sì kan owó orí tí ìlú Philadelphia fúnra rẹ̀ ń yọ lára owó oṣù ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ará Camden ní New Jersey tó ń ṣiṣẹ́ ní Philadelphia yóò rí i pé wọ́n ṣì ń yọ ti ìlú, wọn ò sì ṣàṣìṣe.

Ohun kan ló máa ń ba èrè àdéhùn jẹ́: ìwé tí òṣìṣẹ́ kò fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ní DC kò mọ̀ pé Maryland lò ń gbé àfi tó o bá fún un ní fọ́ọ̀mù D-4A. Ní Virginia, VA-4 ni. Tí o kò bá fi sílẹ̀, wọ́n á máa yọ owó fún ìpínlẹ̀ tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wàá fi gbà á padà sì ni kó o fi fọ́ọ̀mù àlejò ránṣẹ́ sí ibẹ̀ lópin ọdún. Ní àkókò náà, o lè ti jẹ Maryland ní gbèsè gbogbo ọdún.

Ìpínlẹ̀ wo gan-an ló máa kà mí sí ará ibẹ̀?

Ibi tó o fi ṣe ilé, tó o sì ní lọ́kàn láti máa padà sí, ni. Ilé yẹn kò kúrò lórúkọ rẹ títí dìgbà tó o bá fi ibòmíràn ṣe ilé ní tòótọ́. Ẹni tó ra ilé sí Atlanta ṣùgbọ́n tí ìyàwó, ọmọ, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ àti káàdì ìdìbò rẹ̀ ṣì wà ní Brooklyn, ará New York ló ṣì jẹ́ lójú òfin.

New York ní ọ̀nà kejì tó fi ń mú ènìyàn. Bí o bá ní ilé tó ṣeé gbé níbẹ̀ yíká ọdún, tó o sì lo ju ọjọ́ 183 lọ nínú ìpínlẹ̀ náà, wọ́n kà ọ́ sí olùgbé, ì báà jẹ́ Connecticut ni ilé rẹ gan-an wà. Ojúmọ́ tó o bá fi wákàtí kan péré dé ibẹ̀, odindi ọjọ́ kan ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn ayẹ̀wéwò wọn máa ń bèèrè fún àkọsílẹ̀ fóònù, ti káàdì ìsanwó, àti ti E-ZPass tó ń sanwó ẹnubodè ojú ọ̀nà. Wọ́n tilẹ̀ máa ń wo ibi tí ohun tó ṣe iyebíye sí ènìyàn wà: àwòrán ẹbí, ẹ̀bùn ìgbéyàwó, àwọn nǹkan tí èèyàn kì í fi sílẹ̀ sẹ́yìn tó bá kó lọ lóòótọ́.

Ẹni tó kó láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láàárín ọdún kò ṣòro. Olùgbé fún apá kan ọdún ló jẹ́ ní ibi méjèèjì. Á pín owó tó wọlé sí ọjọ́ tó kó, kálukú á gba ti àkókò tirẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kó tọ́jú ìwé tó fi ọjọ́ náà hàn, bíi ìwé àdéhùn ilé tuntun tàbí rìsíìtì ọkọ̀ tó kó ẹrù.

Ilé mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Níbo ni wọ́n máa sọ pé iṣẹ́ mi wà?

Ibí yìí ni ìjà gidi wà, òun náà ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná láti ọdún 2020.

Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé ibi tí ara rẹ wà nígbà tó o ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ wà. Ará Houston tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ oṣù fún ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco, tí kò fẹsẹ̀ tẹ California, kò jẹ California ní owó orí lórí owó oṣù náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì New York ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ yí padà. New York sọ pé bí o bá wà nílé nítorí pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí kì í ṣe pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló mú un di dandan fún agbanisíṣẹ́, ọjọ́ tó o fi ṣiṣẹ́ nílé, ọjọ́ New York ni. Pennsylvania àti Delaware ní irú òfin yìí. Arkansas náà ní in tẹ́lẹ̀ kó tó pa á rẹ́ ní 2021.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Zelinsky gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní New York. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin ní ilé ìwé Cardozo ní New York, ó sì ń gbé New Haven ní Connecticut. Ọjọ́ tó bá ní kíláàsì, á wọ New York. Àwọn ọjọ́ tó kù, á jókòó sílé á máa kọ̀wé. Ó ní ọjọ́ tí òun fi wà nílé kì í ṣe ti New York. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2003. Connecticut náà sì kọ̀ láti fún un ní kírẹ́díìtì lórí àwọn ọjọ́ yẹn, torí lójú tiwọn, Connecticut ló ti ṣe iṣẹ́ náà. Owó orí méjì kíkún lórí ọjọ́ kan náà nìyẹn. Níbi tí ìpínlẹ̀ méjì bá ti ń sọ pé "ọ̀dọ̀ mi ni iṣẹ́ wà", kírẹ́díìtì kì í lè yanjú rẹ̀.

Kòrónà wá dé, àìmọye òṣìṣẹ́ sì gba ilé lọ. New York ní òfin òun kò yí padà: ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa ṣì ni ibi iṣẹ́ wọn. Massachusetts, tí kò ní irú òfin yìí tẹ́lẹ̀, ṣe ìlànà pàjáwìrì pé ẹni tó ti ń wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun kí àrùn náà tó dé yóò ṣì máa san owó orí bí ẹni pé ó ń wá. Inú bí New Hampshire, tí kì í gba owó orí lórí owó oṣù rárá, ó sì gbé Massachusetts lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020. New Jersey, Connecticut, Iowa àti Hawaii kọ̀wé láti gbè é lẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ń retí ìdájọ́ tó máa parí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, ilé ẹjọ́ náà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún. Kò sọ ẹni tó jàre, kò sì sọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ohun tí New York ń sọ ni pé iṣẹ́ náà, orúkọ ilé iṣẹ́ náà, àti ọjà tó ń mú owó wọlé, ìlú òun ló gbé gbogbo wọn dúró. Ó tún ní bí òun bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, gbogbo ènìyàn á kàn máa pe iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé nílé ní ọ̀nà láti yẹ owó orí sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní ẹni tó jókòó sílé ní New Jersey, títì New Jersey ló ń gùn, panápaná New Jersey ló máa pè, ilé ìwé New Jersey ni ọmọ rẹ̀ ń lọ. Wọ́n ní bí New York bá gba tirẹ̀, àwọn ló ń fi kírẹ́díìtì dí àlàfo náà. Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ gan-an nìyẹn: kì í ṣe òṣìṣẹ́ nìkan ló ń fara gbá a, àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ilé náà ń jò.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, Gómìnà Phil Murphy fọwọ́ sí òfin tó fi New Jersey gbẹ̀san. Àlejò tó ń ṣiṣẹ́ látilé fún ọ́fíìsì New Jersey, tí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ bá ní irú òfin New York, New Jersey náà á ṣe é bẹ́ẹ̀. Òfin náà tún ṣèlérí ẹ̀dínwó fún ará New Jersey tó bá pe New York lẹ́jọ́ tó sì borí. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ fún òṣìṣẹ́ lásán pé kó máà san fún New York kó máa retí ilé ẹjọ́. Ọ̀nà tó dájú fún ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí ni kí agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì gidi sí ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ náà ń gbé. Tábìlì inú yàrá kò tó.

Nọ́ọ̀sì tó ń rìn káàkiri àti awakọ̀ tírélà ńkọ́?

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti gba awakọ̀ tírélà sílẹ̀. Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ akẹ́rù tí iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un ń gbé e gba ìpínlẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìpínlẹ̀ tó ń gbé nìkan ló lè gba owó orí lórí owó oṣù rẹ̀. Ó lè wa ọkọ̀ láti Dallas dé Boston, kò ní fọ́ọ̀mù àlejò kankan láti kọ.

Nọ́ọ̀sì kò ní irú ààbò yẹn. Iṣẹ́ oníkọ́ńtíráàtì tó sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ 13 lè gbé e dé ìpínlẹ̀ mẹ́ta lọ́dún, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá sì ń gba owó orí ni yóò fáìlì fún. Ará Texas tó lọ ṣiṣẹ́ ní California máa san fún California, kò sì ní rí kírẹ́díìtì nílé, torí Texas kò gba nǹkan kan tí yóò yọ ọ́ lára rẹ̀. Ohun tó máa ń ya wọ́n lẹ́nu jù ni bí California ṣe ń ṣe ìṣirò. Ó máa wo gbogbo owó tó wọlé fún ọ lọ́dún náà níbi gbogbo láti mọ ìdá mélòó ló yẹ kó gbà, kó tó wá lo ìdá yẹn sórí èyí tó o rí ní California nìkan. New York náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó ilé àti owó oúnjẹ tí wọ́n ń fún nọ́ọ̀sì láì yọ owó orí lára rẹ̀ tún ní òfin tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ibùdó kan tó ń náwó lé lórí níbòmíràn, iṣẹ́ níbi kan kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀ jọ tí kò ní ilé tó ń sanwó lé lórí mọ́, IRS á sọ pé ibùdó rẹ̀ ń bá a rìn ni. Owó ilé yẹn á di owó oṣù tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni mo lè fi ṣiṣẹ́ níbòmíràn kí wọ́n tó bèèrè?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, láti ọjọ́ kìíní ni lórí ìwé. Illinois fúnni ní ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ láti ọdún 2020. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ lórí rẹ̀ ni ti Chicago Bulls tó na Los Angeles Lakers ní 1991 láti gba ife ẹ̀yẹ NBA: California gba owó orí lọ́wọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lórí ọjọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, Illinois sì ṣe òfin láti ṣe bákan náà sí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ tó bá fọwọ́ kan tirẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn olówó ti wá kan akáúńtáńtì tí wọ́n rán lọ sípàdé ọjọ́ mẹ́ta.

Àbá òfin kan wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ tó fẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ ààlà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí i ní 2012, 2016 àti 2017. Ilé aṣòfin àgbà kò bá wọn fọwọ́ sí i ní ìgbà kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Báwo ni mo ṣe máa to fọ́ọ̀mù méjèèjì?

Mú W-2 rẹ, kó o wo ìsàlẹ̀. Àpótí 15 ni orúkọ ìpínlẹ̀, 16 ni owó oṣù tí wọ́n kà sí ìpínlẹ̀ náà, 17 ni owó orí tí wọ́n ti yọ fún un. Bí orúkọ méjì bá wà ní àpótí 15, ìpínlẹ̀ méjì ni agbanisíṣẹ́ rẹ ti ròyìn rẹ fún.

Má ṣe jẹ́ kí àpótí 16 dẹ́rù bà ọ́ tó bá jẹ́ New York ni. New York ní kí agbanisíṣẹ́ kọ gbogbo owó oṣù ọdún náà síbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré lo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àpapọ̀ ìpínlẹ̀ méjì fi máa ń ju owó tó o gbà gan-an lọ. Fọ́ọ̀mù IT-203-B lo máa fi pín in sí iye ọjọ́ iṣẹ́ tó o ṣe ní New York àti níta. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò ní ẹ̀rí tó máa fi pín in.

Fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àlejò fún ìpínlẹ̀ iṣẹ́, ti olùgbé fún ìpínlẹ̀ ilé ló máa kẹ́yìn. Bí o bá ṣe ti ilé ṣáájú, o ò tíì mọ iye tó o san níbi iṣẹ́, kírẹ́díìtì rẹ á sì lábùkù. Iye tó máa wọ inú kírẹ́díìtì ni owó orí tí fọ́ọ̀mù àlejò sọ pé o jẹ lópin ìṣirò. Kì í ṣe iye tí wọ́n yọ ní àpótí 17. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an, ó sì ń fa lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kẹrin ni gbèdéke ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ti Virginia jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá gba àfikún àkókò, ti fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n sún fún un, owó tó jẹ ṣì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ gbèdéke.

Mi ò fáìlì ìkejì láti ọdún mélòó kan. Kí ló lè ṣẹlẹ̀?

Ẹni tó bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní ààbò àkókò: lẹ́yìn ọdún mélòó kan, tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta, ìpínlẹ̀ kò lè padà wá ṣí i àfi tí jìbìtì tàbí àṣìṣe ńlá bá wà. Ẹni tí kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ kò ní ààbò yẹn, torí aago náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ẹ̀dà W-2 wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, IRS sì ń fún àwọn ìpínlẹ̀ ní ìsọfúnni. Lẹ́tà lè dé lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn. Èyí tó tún burú ni pé àkókò tí ìpínlẹ̀ kejì fi lè dá owó padà fún ọ lè ti kọjá nígbà náà, ìyẹn owó tó bá ti gbà ju bó ṣe yẹ lọ torí pé o kò bèèrè fún kírẹ́díìtì.

Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní ètò tí wọ́n fi ń gba ẹni tó bá fúnra rẹ̀ wá kí wọ́n tó wá a. Wọ́n sábà máa ń bèèrè fún ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nìkan, wọ́n sì máa ń gbójú fo owó ìtanràn tàbí dín in kù, àmọ́ èlé máa ń wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà ìjọba bá ti dé ọwọ́ rẹ, ètò yẹn kò sí fún ọ mọ́ lórí ọdún tí lẹ́tà náà dárúkọ.